Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Aṣeéká ní Ìlú Ọ̀sà: Ìṣòro Ìperí Kan àti Àbá fún Olùkọ́ àti Atúmọ̀-Èdè

Ìfáárà

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé èdè wa lè gba ìmọ̀ tuntun. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìpín kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi ọ̀nà han gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dúró de ìgbìmọ̀. Bí ó bá ti dé ìgboro, aráàlú a ti sọ ọ́ lórúkọ kí ọ̀mọ̀wé tó mú gègé.

Ẹ̀rọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kẹ̀kẹ́ kan tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, tí bátìrì ń ràn lọ́wọ́, tí a sì lè ká títí yóò fi ṣeé gbé bí ẹrù. Èkó ni a fi ṣe pápá ìdánwò fún orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìlú orí omi ni, tí ènìyàn lè kọjá láti orí ilẹ̀ sí orí afárá, kí ó sì ti orí afárá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, nínú ìrìnàjò kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìlú-Àbọ̀, nítòsí Àkúrẹ́, ní láti lè ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ tí kò rí ọ̀sà rí. Bí orúkọ bá ṣi ọmọ náà lọ́nà, ẹ̀kọ́ náà bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ àti omi

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ náà yóò gbà. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fún omi Èkó ni ọ̀sà. Kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe adágún. Omi gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, tí ilẹ̀ yanrìn là láàárín òun àti òkun, ṣùgbọ́n tí ó ní ẹnu tí ó fi ń bá òkun pàdé. Nígbà òjò, omi odò a pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ a sì dín kù; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọ̀ ọ́, iyọ̀ a sì tún pọ̀ sí i. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà fi hàn pé aráàlú kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ìdí tí atúmọ̀-èdè yóò fi máa yá òmíràn lò.

Ọ̀rọ̀ kejì ni erékùṣù, èyí tí oríkì rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí omi yí ká. Níhìn-ín, ayé ti yí oríkì náà padà mọ́ wa lọ́wọ́. Erékùṣù ni Ìdó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ti fi yanrìn dí omi tí ó wà láàárín òun àti ilẹ̀ ńlá. Victoria Island pẹ̀lú jẹ́ erékùṣù láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n a ti dí omi tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Lẹ́kí. Bí aráàlú bá ń pè é ní erékùṣù síbẹ̀, orúkọ ìtàn ni. Kì í ṣe ti ìmọ̀ nípa ilẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún ọmọ kedere.

Ẹni tí ó bá gbéra láti Ìdó lórí kẹ̀kẹ́ yóò gba Carter Bridge, afárá tí a kọ́kọ́ ṣí ní 1901, tí a sì tún kọ́ ní àwọn ọdún 1970. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú. Kò ní òkè bíi ti Ìdànrè. Afárá ni òkè rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè yìí, tí afẹ́fẹ́ òkun sì lè máa fẹ́ kọlu àyà, ni bátìrì ti ń wúlò jù lọ. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, ọjà yóò dí i lọ́nà. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa tì í. Bí ó bá dé etí omi ní Marina, tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Takwa Bay, níbi tí a kì í gba orí ilẹ̀ dé, yóò ká a, yóò sì gbé e wọlé. Iṣẹ́ mẹ́ta nìyí: gígùn, títì àti kíká. Orúkọ tí a ó bá fún ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ tako ọ̀kankan nínú wọn.

Orúkọ tí ó ti wà nílẹ̀

Bí a bá wo orúkọ àwọn ohun ìrìnnà wa fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀nà tí a gbà sọ wọ́n kò dọ́gba:

(i) Orúkọ àtijọ́ tí a mú gbòòrò. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà nínú Bíbélì Yorùbá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a wá pe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, nítorí pé ó ń yọ̀ geere lọ.

(ii) Orúkọ tí ó fara wé ìró. Alùpùpù gba orúkọ rẹ̀ láti inú ariwo ẹ̀rọ rẹ̀.

(iii) Orúkọ tí a yá lára ẹni tàbí ilé-iṣẹ́. Ọ̀kadà wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Gabriel Igbinedion. Kẹ̀kẹ́ Márúwá wá láti ara Buba Marwa, tí ó ṣe olórí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999.

Ìṣòro wa ti ibí bẹ̀rẹ̀. A kò lè pe kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní alùpùpù, nítorí pé kì í pariwo. A kò sì lè pè é ní kẹ̀kẹ́ lásán, nítorí pé lẹ́nu aráàlú òde òní, kẹ̀kẹ́ lásán ni Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé-ìwé nìkan. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan; ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó tún fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Etí-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó wà lára wọn. Atúmọ̀-èdè tí ó bá lo alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ lásán ti dá ẹjọ́ fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà kí adájọ́ tó jókòó.

Àbá wa

Àwọn kan ń dábàá kẹ̀kẹ́ oníná. A kò fara mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ oníná ti ní ìtumọ̀ tẹ́lẹ̀: kẹ̀kẹ́ tí ó ní àtùpà níwájú. Oníbátìrì ni ó yẹ, nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n nínú rédíò oníbátìrì, níbi tí ó ti ń sọ orísun agbára ohun èlò.

Fún ti kíká, ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà níwájú wa. Aṣọ kíká ni aṣọ tí a ti ká. Kẹ̀kẹ́ kíká yóò jẹ́ èyí tí ó ti wà ní kíká. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ó ṣeé ká, nítorí náà aṣeéká ni ó bá a mu, gẹ́gẹ́ bí aṣeégbẹ́kẹ̀lé. Ibi tí igi kẹ̀kẹ́ náà ti ń ṣẹ́ po, a dábàá oríkèé, nítorí pé ohun tí oríkèé ń ṣe fún apá àti ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe fún un. Èrò yìí kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń fò láti inú ọkọ̀ òfurufú lo kẹ̀kẹ́ olóríkèé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ó tún kù ìyàtọ̀ kan. Ẹ̀rọ mìíràn ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Òmíràn ń dá ṣiṣẹ́. Ìkíní ni a dábàá láti pè ní aranẹsẹ̀lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú òfin: ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kẹ̀kẹ́ aranẹsẹ̀lọ́wọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ, tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ń dáwọ́ dúró bí eré bá ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ni a kà sí ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere.

Agbára, iná àti ewu

Bátìrì tí ó jẹ́ fóòtì 36, tí ó sì ní áńpì-wákàtí 10, ní agbára wáàtì-wákàtí 360, nítorí pé ìkíní ni a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìkejì. Bí ẹ̀rọ bá ń gba wáàtì 250 láìdáwọ́ dúró, yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 26. Wáàtì-wákàtí ń wọn agbára tí ó wà nípamọ́. Wáàtì ń wọn bí a ti ń yára ná an tó. Ẹni tí ó mọ owó inú àpò yàtọ̀ sí owó tí a ń ná lójoojúmọ́ kò ní ṣì wọ́n mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti léwu jù lọ ni ìgbà tí a bá ń fi agbára sínú bátìrì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé bátìrì ń gba iná. Bí a bá yára sọ ọ́, ó di gbaná, kò sì jìnnà sí gbiná, èyí tí í ṣe pé iná ti ń jó o. Nínú ìwé ìlànà ìlò ẹ̀rọ, irú ìjọra bẹ́ẹ̀ kò dára rárá, nítorí pé bátìrì lítíọ́mù lè gbiná ní tòótọ́, pàápàá bí omi iyọ̀ bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Omi ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni omi iyọ̀. Nítorí náà, gba agbára ni kí a máa lò fún ìṣe àkọ́kọ́, kí a sì fi gbiná sílẹ̀ fún jàǹbá nìkan. Ìkìlọ̀ inú ìwé lè wá kà báyìí: “Bí bátìrì bá ti bọ́ sínú omi ọ̀sà, má ṣe jẹ́ kí ó gba agbára mọ́, ó lè gbiná.”

Àgbálọgbábọ̀

Kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì aṣeéká ni orúkọ tí a fi síwájú yín ní kíkún. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì yóò tó nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Oríkèé, aranẹsẹ̀lọ́wọ́ àti gba agbára tẹ̀ lé e. Kí a tó kọ wọ́n sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, a rọ àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó kí wọ́n dán wọn wò lẹ́nu àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígboro, kí wọ́n sì bi àwọn atukọ̀ Ìlàjẹ ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún oríṣiríṣi omi. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní bá ju tiwa lọ, tiwọn ni kí a mú.