Ọrùn Ẹsẹ̀ Tí Yóò Tún Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá ti dé ilé teegunteegun rí á mọ ọ̀rọ̀ adìyẹ. Wọ́n gbé aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán dé, bàbá oníṣègùn ní kí wọ́n mú adìyẹ kan wá. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ náà, ó to ó, ó fi ọparun lílà há a lọ́tùn-ún lósì, ó fi òwú dì í, bó ṣe ṣe ti ènìyàn gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú gbogbo ilé wà lára adìyẹ. Lọ́jọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀, tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá, wọ́n á ní ó tó àkókò láti tú ti aláìsàn.

N kò sọ èyí láti fi teegunteegun ṣe yẹ̀yẹ́. Adìyẹ náà ni kàlẹ́ńdà, òun náà ni X-ray, nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ X-ray láyé. 1895 ni Röntgen, ará Jámánì, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìtànṣán tó ń ya fọ́tò eegun. Ó hàn nínú ìlànà náà pé àwọn baba wa mọ ohun tí eegun ń fẹ́: kí á dá a padà sí àyè rẹ̀, kí nǹkan dì í mú kó má yẹ̀, kí ọjọ́ sì gorí ọjọ́. Dókítà tó ń la ọrùn ẹsẹ̀ láti fi irin sí i kò ní iṣẹ́ mìíràn ju mẹ́ta yìí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń ya ẹni tó máa tiro títí ayé sọ́tọ̀ lára ẹni tó máa rìn gaara. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Bukuru ni ká ti gbéra. Ìlú àwọn Berom ni, ní gúúsù Jos, lórí òkè Plateau tó fi ohun tó ju 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Irin funfun tí òyìnbó ń pè ní tin ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Kuza ni àwọn Haúsá ń pe irin náà. Ẹni tó bá ń gbọ́ "ìwakùsà" lẹ́nu wa á mọ ibi tí etí òun ti pàdé ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1914 ni rélùwéè kékeré tó ti Zaria wá dé Bukuru. Àwọn Yorùbá tẹ̀ lé kùsà àti rélùwéè dé orí òkè yẹn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Ìlọrin, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀ dòní, tí wọ́n ń fi Haúsá ná ọjà, tí wọ́n ń fi Yorùbá kí ìyá wọn lórí ìkúnlẹ̀. Maɗori ni wọ́n ń pe teegunteegun níbẹ̀, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ta aṣọ ní ọjà Bukuru. Òjò ti rọ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ létí gọ́tà, ó yí, ó sì gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí igi gbígbẹ ṣẹ́. Kó tó délé, ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. "Ó kàn rọ́ ni," ni àwọn aládùúgbò wí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ maɗori. Bí kò bá lọ, a ó gbé yín lọ sí ọsibítù." Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Maɗori wà nítòsí, owó rẹ̀ ṣeé san díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dárúkọ abẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí eegun wọn kán ló ń kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn.

Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ kò dà bí apá tàbí ojúgun. Ẹ wo bí káfíńtà ṣe ń so ẹsẹ̀ àga mọ́ ara àga. Yóò gbẹ́ ihò sínú igi kan, yóò gbẹ́ orí igi kejì kó bá ihò náà mu, yóò sì kì í bọ̀ ọ́ ṣinṣin. Báyìí gan-an ni Elédùmarè ṣe ọrùn ẹsẹ̀. Eegun ojúgun àti eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló para pọ̀ di ihò. Kókósẹ̀ méjèèjì tí ẹ ń fọwọ́ kàn ni ògiri ihò náà. Eegun kan tó jókòó lórí gìgísẹ̀ ló kì bọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà náà rí ìjọra yìí: mortise, orúkọ tí káfíńtà òyìnbó ń pe ihò igi yẹn, ni wọ́n ń pe ti ẹsẹ̀.

Bí ihò bá fẹ̀ díẹ̀, àga á máa mì. Ní 1976, Ramsey àti Hamilton wọn ọ̀rọ̀ náà lára ọrùn ẹsẹ̀ òkú. Wọ́n rí i pé bí eegun inú ihò náà bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní mìlímítà kan péré, ibi tí eegun ti ń kan eegun á fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Mìlímítà kan kò tó ìnípọn kọ́bọ̀. Gbogbo ìwúwo ara á wá dà lé ìwọ̀nba ibi tó kù, kerekere ibẹ̀ á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ìyá náà kò fi ní lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìkérora. Ọwọ́ àgbà oníṣègùn, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kò lè mọ mìlímítà kan lára ẹran tó ti wú. Ìdí nìyí tí adìyẹ kò fi tó níbí. Eegun ẹyẹ tún máa ń tètè so ju ti ènìyàn lọ. Adìyẹ lè ti máa rìn kí ti Mọ́mì tó jinná.

Ohun kejì tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdì. Ẹsẹ̀ tó wú tí wọ́n tún fi igi há pinpin kò ní àyè tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà. Bí ọmọ ìka bá tutù, tó dúdú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹran ibẹ̀ ti ń kú nìyẹn, àwọn dókítà eegun ilẹ̀ wa sì ti gé ẹsẹ̀ púpọ̀ nítorí ìdì lásán. Dókítà J. E. Onuminya, tó ṣiṣẹ́ ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, kọ̀wé nípa rẹ̀ léraléra. Kò ní kí wọ́n lé teegunteegun nílùú. Ó ní kí wọ́n kọ́ wọn. Ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 2006 fi hàn pé eegun ojúgun tí teegunteegun tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú dára ju ti ẹni tí wọn kò kọ́ lọ. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Maɗori tó bá wo ẹsẹ̀ Mọ́mì, tó sì ní, "Èyí kọjá mi, ẹ gbé wọn lọ ya fọ́tò," iṣẹ́ ìṣègùn ló ṣe yẹn.

Láti Bukuru, ọ̀nà kò jìn. Ilé ìwòsàn Kristẹni tó wà ní Vom ti wà láti 1922. Evangel, tí àwọn ará Jos mọ̀ sí Jankwano, ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bingham. JUTH, ti Yunifásítì Jos, wà ní Lamingo.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ya Mọ́mì lẹ́nu ni pé wọ́n lè má là á lọ́jọ́ tó dé. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, wọ́n á sì máa wo awọ ara. Ẹsẹ̀ tó wú ń dán bí awọ ìlù. Bí abẹ bá kan irú awọ bẹ́ẹ̀, ojú ọgbẹ́ lè má pa dé. Ìgbà tí awọ náà bá tún hunjọ, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà, ni wọ́n á tó gbà pé ó ti yá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí á ti máa kùn pé, "Wọn ò ṣe nǹkan kan sí i láti ọjọ́ yìí." Dídúró yẹn gan-an ni ìtọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n á ní kí ọmọ lọ ra irin. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, aláìsàn ló ń sanwó irin àti síkúrù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irin, oògùn, bẹ́ẹ̀dì, físíò, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ máa yá.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè má fún un ní oògùn oorun rárá. Wọ́n á ní kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n á sì gún abẹ́rẹ́ sí i ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ooru á sọ̀ kalẹ̀ wá sí itan rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjèèjì á dà bíi ti ẹlòmíràn: ó ń rí i, kò lè gbé e. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró irinṣẹ́ tó ń lu ihò sí eegun, ìró tó jọ ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹ̀rù máa ń bani níbẹ̀ ju ìrora lọ, ẹni tí wọ́n ti sọ ọ́ fún ṣáájú kì í sì í bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, síkúrù mélòó kan ni wọ́n fi dè é. Òun ni ọparun teegunteegun. Inú ló wà dípò ìta. Ìlànà náà tàn káàkiri lẹ́yìn tí dókítà 13 ní Switzerland dá ẹgbẹ́ AO sílẹ̀ ní 1958. Ṣáájú wọn, P.O.P. ló gbòde, èyí tí Mathijsen, dókítà ọmọ ogun kan ní Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí fi di eegun ní nǹkan bí 1852. Ohun tí àwọn ará Switzerland ń sá fún ni oríkèé tó gan nítorí pé ó pẹ́ jù nínú P.O.P. Bàbá teegunteegun tó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ láràárọ̀ kò fẹ́ kó gan náà.

Ìpayà abẹ kì í ṣe ti ará Bukuru nìkan. Ní 1756, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ńlá ní London, ṣubú lórí ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun títí tó fi ra ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tẹ́ ẹ lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé, tó ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọn kò gé e mọ́. Ó kọ̀wé lórí eegun tó kán lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe kíkán ọrùn ẹsẹ̀ dòní.

Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ Mọ́mì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú abẹ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Ó rọrùn lẹ́nu. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ṣálángá wà lẹ́yìn àgbàlá, ìlóṣòó ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè lóṣòó. Kí wọ́n wá àga onígi, kí káfíńtà àdúgbò gé ihò sí àárín rẹ̀, kí ó sì ti wà nílẹ̀ kí Mọ́mì tó ti ilé ìwòsàn dé. Ọ̀pá abẹ́ abíyá á máa bó abíyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ló yẹ kó gbé ìwúwo ara. Òkúta á wà nílẹ̀ àgbàlá, òjò á sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹni tó ti ń bọ́ ilé láti ọgbọ̀n ọdún á máa pe ọmọ-ọmọ kó tó rí omi mu. Ẹkún máa ń wà nínú àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó ń tọ́jú eegun kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ abẹ bàjẹ́. Ẹ jókòó tì í.

Àwọn alábẹ̀wò á dé. "Ẹ kú ewu, Mọ́mì. Ẹ máa gbìyànjú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má baà gan." Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì ṣe é títí dókítà á fi wo fọ́tò tuntun. Ẹni tó gbé òrí gbígbóná wá láti fi wọ́ ojú abẹ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, kí ẹ gbé òrí náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń ro ó, tàbí tí èémí rẹ̀ bá dédé ń ké, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan, bó bá sì gòkè dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pani.

Lẹ́yìn náà ni físíò á bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ìrìn bí ọmọ tuntun. Ẹsẹ̀ á máa wú nírọ̀lẹ́ fún oṣù mélòó kan, ti ẹlòmíràn á pé ọdún. Ọyẹ́ á dé ní Dìsẹ́ńbà, òtútù Plateau á mú, ọ̀pọ̀ ẹni tí irin wà lẹ́sẹ̀ wọn á sọ fún yín pé àwọn ń mọ̀ ọ́n dénú eegun.

Kí wá ni à ń pè ní ìwòsàn? Ní 1984, Olerud àti Molander ní Sweden ṣe ìwé ìbéèrè kan tí àwọn dókítà ṣì ń lò láti fi wọn bí ọrùn ẹsẹ̀ tó kán ṣe jinná sí, máàkì 100. Ó béèrè ìrora, gígan, wíwú, gígun àtẹ̀gùn, sísáré, fífò, lílóṣòó, ọ̀pá tàbí ìdì, àti iṣẹ́ òòjọ́. Inú mi dùn pé ó rántí lílóṣòó. Kò béèrè ìkúnlẹ̀. Ìyá tó gba máàkì 90, tí kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà ilé ọkọ rẹ̀, kò ní gbà pé ara òun ti yá. Ọkùnrin tó lè sáré, tí kò lè dọ̀bálẹ̀ láìdi ògiri mú, ojú á máa tì í níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mùsùlùmí tó jókòó sí àtáyà ń tẹ́ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ó ń gbé ti ọ̀tún nàró lórí ìka: ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda àga fún aláìsàn, síbẹ̀ ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun á tún jókòó sílẹ̀ láàárín sàfù.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ ṣe ń gbé ayé yín, bí ẹ ṣe ń kí àgbà, bí ẹ ṣe ń kírun, irú ilé ìgbẹ́ tí ẹ ní. Ẹ bi í pé, "Ṣé n ó tún kúnlẹ̀?" Ẹ tún bi físíò, kó lè fi ìkúnlẹ̀ kún ohun tí ẹ máa kọ́. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ maɗori ni ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó di igi mọ́ ọn.