Miñoso: Ọmọ Oko Ìrèké Tí Kò Yẹ̀ fún Bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1951, ọkùnrin dúdú kan mú igi ìgbábọ́ọ̀lù dání ní pápá bẹ́ísíbọ́ọ̀lù Comiskey ní Chicago. Aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì wọ aṣọ White Sox, ẹgbẹ́ ìlú náà, rí. Vic Raschi, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Yankees, ju bọ́ọ̀lù sí i. Igi ba bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá. Báyìí ni Orestes Miñoso, tí wọ́n ń pè ní Minnie, ṣe wọ Chicago.

Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ jìn. Inú oko ìrèké nítòsí Perico, ní Matanzas ní orílẹ̀-èdè Kúbà, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun náà sì ṣe é. Matanzas kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún àwa Yorùbá. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ ṣẹrú nídìí ìrèké. Títí dòní, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀ ṣì ń lùlù fún Ṣàngó àti Yemọja.

Miñoso gba Havana lọ, ó sì bá ẹgbẹ́ Marianao gbá bẹ́ísíbọ́ọ̀lù. Àwọn ará Kúbà ti ń gbá a ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà láti ọdún 1911, àmọ́ àwọn tí ara wọn pupa tó láti pè ní òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Nítorí náà, líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú ni Miñoso bá lọ ní 1946, nínú ẹgbẹ́ New York Cubans. Ní 1947, Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fọ́ ìlẹ̀kùn líìgì ńlá; lọ́dún yẹn kan náà ni New York Cubans gba ife-ẹ̀yẹ líìgì tiwọn. Ní 1949, Miñoso wọ líìgì ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cleveland, kó tó dé ọ̀dọ̀ White Sox ní 1951.

Ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá gan-an ni Miñoso máa ń dúró sí. Ọdún mẹ́wàá ni kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù bà tó o nínú líìgì rẹ̀. Ní 1955, bọ́ọ̀lù tí Bob Grim, ajubọ́ọ̀lù Yankees, jù sán egungun agbárí rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí ibi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀, kò sún sẹ́yìn.

White Sox fi nọ́ńbà 9 rẹ̀ bọlá fún un ní 1983, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí bẹ́ísíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown kò ṣí fún un. Ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn síbẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò ní 2011 àti 2014, ìbò rẹ̀ kò pé. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kí wọ́n gba òun wọlé nígbà tí òun ṣì wà láyé. Àwọn ọdún tí àwọ̀ ara fi dí i lọ́nà kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó ṣe ní líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn.

Ó kú ní Chicago ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Ìparí ọdún 2020 ni líìgì ńlá tó gbà pé líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú náà jẹ́ líìgì ńlá. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ Gbọ̀ngàn náà yan Miñoso. Ní oṣù Keje ọdún 2022, orúkọ rẹ̀ wọ Cooperstown.

Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí. Òkú kì í gbọ́ oríkì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti la ọ̀nà fún wa, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.