Oògùn Tó Ń Dá Ìgbẹ́ Dúró Kọ́ Ló Ń Gba Ọmọ Là

Ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá lórílẹ̀-èdè Ghana, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. Ọyẹ́ á máa fẹ́, eruku á bo orí ewé, omi kànga á sì lọ sílẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í sábà kọ́kọ́ sáré lọ sí ọsibítù. Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ló máa ń gbà lọ, ohun kan ṣoṣo ló sì máa ń béèrè: oògùn tó máa dá a dúró.

Oògùn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Loperamide lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n sí Imodium. Ó lágbára, kò wọ́nwó, ó sì máa ń tètè ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn láti ọdún yìí wá ni pé dídá ìgbẹ́ dúró àti gbígba ọmọ là kì í ṣe ohun kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ìgbẹ́ dúró, ọmọ sì kú.

Tamale kì í ṣe ìlú àjèjì sí Yorùbá. Kí ìjọba Ghana tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé àṣẹ kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá pọ̀ gan-an nínú ọjà ibẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọmọ lóru ní Tamale kò sì yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Mushin tàbí ní Kútọnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa lágbàáyé lé ní 400,000 lọ́dọọdún.

Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ láti Ghana àti Jámánì gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Tamale gan-an. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó lé ní 200 tí inú ń ṣu wò. Nínú ìgbẹ́ èyí tó ju ìdajì wọn lọ, kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní rotavirus ló wà níbẹ̀. Kò sí oògùn apakòkòrò inú páálí tàbí inú ìgò tó lè pa kòkòrò yìí. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa lé e jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí ọmọ náà bá ṣì wà láàyè.

Ohun tó ń lọ nínú ìfun

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ tí ìfun ń ṣe. Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Iṣan ara rẹ̀ máa ń sún kì, á tún dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa ti oúnjẹ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ekòló bá ń wọ́ lọ nílẹ̀.

Omi tó ń gba inú ìfun kọjá pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Lójoojúmọ́, nǹkan bíi lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló ń wọ inú ìfun àgbàlagbà. Díẹ̀ wá látinú ohun tó jẹ àti ohun tó mu. Èyí tó pọ̀ jù wá látinú itọ́, látinú òróòro àti látinú oje tí ara ń tú sórí oúnjẹ kó lè dà. Ara tún máa ń fa gbogbo rẹ̀ padà, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé èyí tó ń bá ìgbẹ́ jáde kì í ju ife kékeré kan lọ.

Nígbà tí rotavirus tàbí kòkòrò kọ́lẹ́rà bá wọlé, ètò yìí dàrú. Ìfun kò rí omi fà padà mọ́, tàbí kó máa tú omi jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Omi àti iyọ̀ ara á wá máa ṣàn jáde. Ohun tó ń pa ọmọ nìyẹn. Kì í ṣe ìgbẹ́ gan-an ló ń pa á. Omi tó bá ìgbẹ́ lọ tí ẹnì kankan ò dá padà ni.

Oògùn tí wọ́n wá láti Beerse

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti mọ̀ pé oje òdòdó tí wọ́n ń fi ṣe òpíọ́mù máa ń mú kí inú kì. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó tún ń kun èèyàn lóorun, ó sì ń di bárakú. Ní ìlú Beerse, lórílẹ̀-èdè Belgium, Dókítà Paul Janssen àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá èyí tó máa mú ìfun tí kò ní mú ọpọlọ. Lọ́dún 1969 wọ́n rí loperamide. Nígbà tó di ọdún 1976, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Oògùn náà máa ń lọ bá àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń darí ìfun, á sì sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Ìfun á wá máa falẹ̀, omi á pẹ́ sí i nínú rẹ̀, ara á sì ráyè fà á padà. Bí díẹ̀ nínú oògùn náà bá fẹ́ kọjá sínú ọpọlọ, ohun kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ tó ń tì í padà bí ọlọ́dẹ tó dúró síwájú géètì. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè lò ó kó má sì máa tòògbé.

Fún àgbàlagbà tí kò ní ibà, tí kò ṣu ẹ̀jẹ̀, tó sì fẹ́ wọ mọ́tò láti Tamale lọ sí Kumasi, oògùn yìí wúlò, bó bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Kò tún gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn tó ń da púpọ̀ rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà ń fi ọkàn ara wọn ṣeré, torí ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú títí á fi dákẹ́.

Nígbà tí ìfun ọmọ dúró

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Nígbà kan, wọ́n ń ṣe loperamide tí wọ́n máa ń kán sí àwọn ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990, ìròyìn jáde láti Pakistan pé àwọn ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n fún ní in kú. Ìfun wọn kò wulẹ̀ falẹ̀, ńṣe ló dúró pátápátá. Ikùn wọ́n wú, omi sì há sínú ìfun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu náà kúrò lọ́jà. Lọ́dún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí oògùn ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọdé, ìmọ̀ràn wọn sì ni pé irú oògùn yìí kò tọ́ sí wọn.

Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí mẹ́tàlá jọ tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ tó lé ní 1,700. Wọ́n rí i pé loperamide dín ọjọ́ ìgbẹ́ kù lóòótọ́, àmọ́ èrè náà kò tó odindi ọjọ́ kan. Wọ́n tún rí i pé nínú àwọn ọmọ 927 tí wọ́n fún lóògùn náà, mẹ́jọ ló bá ewu ńlá pàdé: ìfun tó dúró, ara tó kú tipiri, tàbí ikú. Nínú àwọn 764 tí wọn kò fún, kò sí ẹyọ kan. Gbogbo àwọn mẹ́jọ náà ni kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìyá wo ló máa fi ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ torí èrè tí kò tó ọjọ́ kan?

Ìdí mìíràn tún wà. Bí ìfun bá dúró, ìgbẹ́ lè má jáde mọ́, ṣùgbọ́n omi tó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì wà nínú ìfun, kò padà síbi tó ti wá. Ìyá á rò pé ara ọmọ ti yá torí pé ìtẹ́dìí gbẹ, bẹ́ẹ̀ omi ara ọmọ ń tán lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ti olè mọ́lé pẹ̀lú onílé.

Eku, èédú àti ewé

Àwọn kan á sọ pé, ewé ńkọ́? Ní àwọn yunifásítì Ghana àti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń yẹ àwọn ewé tí àwọn bàbá wa ń lò fún inú ṣíṣu wò, ewé gúáfà sì wà lára wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n á fún eku kékeré ní omi ewé, wọ́n á fún àwọn mìíràn ní loperamide, wọ́n á fún àwọn tó kù ní omi lásán. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún gbogbo wọn ní èédú lílọ̀. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á wo ibi tí èédú dúdú náà rìn dé nínú ìfun. Bí kò bá rìn jìnnà, a jẹ́ pé ewé náà ń fa ìfun sẹ́yìn. Wọ́n tún máa ń fi òróró làrà mú kí eku ṣu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ewé náà á dá a dúró.

Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì ti fi hàn pé ìmọ̀ àwọn àgbà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun tí ìwádìí náà ń wọ̀n. Bí ewé kan bá dá ìfun eku dúró bíi ti loperamide, ewu tó wà nínú loperamide fún ọmọ ọwọ́ lè wà nínú ewé náà, kò sì sẹ́ni tó kọ ìwọ̀n tí ọmọ gbọ́dọ̀ mu sára ewé.

Iyọ̀, ṣúgà àti omi

Ohun tó ń gba ọmọ là rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Àwọn onímọ̀ rí i pé kódà nígbà tí ìgbẹ́ ń ṣàn, ilẹ̀kùn kan ṣì máa ń ṣí sílẹ̀ lára ìfun. Bí ṣúgà bá ń wọlé, á fa iyọ̀ dání; bí iyọ̀ bá sì wọlé, omi á tẹ̀ lé e. Omi nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà nìkan kò tó. Lọ́dún 1968, David Nalin àti Richard Cash fi èyí tọ́jú àwọn tó ní kọ́lẹ́rà ní ìlú Dhaka. Lọ́dún 1971, nígbà tí ogun lé àwọn èèyàn wọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ tó wà ní Bangaon, omi tí wọ́n ń fà síni lára sì tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n máa po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn aláìsàn láti mu. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ọgbọ̀n ló ń kú tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn kò tó mẹ́rin.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, polongo omi yìí títí tó fi dé etí àwọn ìyá ní ìgbèríko. Ghana ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní àjẹsára rotavirus lọ́dún 2012, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Àbùkù kan ṣoṣo tí àwọn ìyá ń rí lára omi náà ni pé kì í dá ìgbẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ara ọmọ gbẹ títí àìsàn náà á fi kọjá lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

• Ẹ ra ORS, kí ẹ sì ka ara rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye omi tó gbà. Bí ó bá jẹ́ ti lítà kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ló máa tó o. Ẹ má ṣe po ìdajì, ẹ má sì dín omi rẹ̀ kù.

• Bí ORS kò bá sí, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí kò ga àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún nù.

• Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní ìdá mẹ́rin sí ìdajì ife. Èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lè mu ìdajì ife sí ife kan. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.

• Ẹ béèrè fún síńkì. Ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́fà máa ń lo mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, èyí tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà á lo 10. Ẹ jẹ́ kó lò ó tán bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ ti dúró.

• Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ̀kọ, ògì tàbí kókò tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe ní Tamale, gbogbo rẹ̀ ló dára.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, bó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí awọ ara rẹ̀ tí ẹ fà kò bá tètè padà, bó bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀, bí ikùn rẹ̀ bá wú, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan kan.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyá tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Tamale, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, làpálàpá ló ń rí: ìgbẹ́ tó ń jáde. Ẹ̀tẹ̀ ni omi tó ń lọ. Bí ẹni tó ń ta oògùn bá mọ èyí, tó fún un ní ORS àti síńkì dípò kóró tó béèrè, ìgbẹ́ ọmọ lè má dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ ọmọ á jí láàárọ̀, á sì béèrè ọmú.