Wàhálà dé! Microsoft pa Windows 10 tì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára ò rọ́nà wọ Windows 11

Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ariwo lọ́fíìsì, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti nílé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni iléeṣẹ́ Microsoft l'Amẹ́ríkà ṣe ohun tó ti ń sọ tipẹ́ pé òun máa ṣe, ó dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 10 ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, torí oṣù keje, ọdún 2015, ni wọ́n gbé e jáde.

Kọ̀ǹpútà kankan ò tìtorí ẹ̀ kú o. Ẹni tó tan tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bá a bó ṣe fi í sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé irọ́ ni gbogbo ariwo náà, pé àwọn òyìnbó kàn fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tuntun ni.

Kì í ṣe irọ́. Fún ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, òun ló ń darí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń jẹ́ kí príńtà gbọ́ ohun tí Word ń wí. Ní gbogbo Túsìdeè kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ihò ọ̀hún kì í tán. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá a kiri tọ̀sán-tòru, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft náà ń dí i. Ní ti Windows 10 báyìí, àwọn tó ń dí ihò ọ̀fẹ́ ti kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n ti lọ. Àwọn olè ò lọ síbì kankan.

Ẹ fojú inú wo ìyá oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan, irú àwọn tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri. Laptop kan ṣoṣo ló ní, príńtà kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Orí laptop yẹn ló ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ló ti ń wo èsì WAEC fáwọn ọmọ, ibẹ̀ náà ló ti ń wọ àkáǹtì báńkì ẹ̀ láti mọ̀ bóyá owó tí oníbàárà lóun fi ránṣẹ́ ti wọlé. Fíláàṣì ẹni ẹlẹ́ni ń wọ inú ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sì mọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ti ń bọ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kan yọ lójú laptop náà, pé àkókò Windows 10 ti parí, kó bọ́ sí 11. Ìyá tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà fèsì pé òun ò lè gbà á. Ó pe ọmọ tó máa ń bá a tún un ṣe, ìyẹn wò ó síwá-sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yín ti gbó, ẹ kàn lọ ra tuntun." Owó dà? Ìyá ò tíì san gbèsè èyí tó ń lò tán.

Ibi tọ́rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an nìyẹn. Láyé ijọ́un, tí Windows tuntun bá ti dé, ohun tí wọ́n ń bèèrè ò ju kí RAM tó, kí àyè sì wà nínú hard disk. Windows 11, tó jáde lóṣù kẹwàá, ọdún 2021, ò bèèrè ju RAM 4GB àti àyè 64GB lọ, èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni TPM 2.0, ṣíìpù kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí olè má baà rí i mú. Ìkejì ni ọjọ́ orí prosẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, ni wọ́n ń gbà lọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fojú fò. Èyí tó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lágbára bí erin, wọn ò gbà á wọlé.

Iléeṣẹ́ Canalys, tó máa ń ṣèwádìí lórí ọjà kọ̀ǹpútà, fojú bù ú nínú oṣù kejìlá, ọdún 2023, pé kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 240 lágbàáyé ni ọ̀rọ̀ yìí lè sọ di pàǹtí. Ẹni tó bá ń rò pé wàhálà òyìnbó nìyẹn, kó rántí ibi tí tòkunbọ̀ ti ń wá. Ìwádìí kan tí yunifásítì àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ti lò kù ló ń gba èbúté Èkó wọ Nàìjíríà lọ́dún, lásìkò 2015 sí 2016 tí wọ́n ṣe é. Ohun tí àwọn báńkì àtàwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó bá ń kó dà nù torí pé kò wọ Windows 11, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yà lẹ́nu tó bá rí i lórí tábìlì ní Computer Village, n'Ìkẹjà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ la ojú ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀ yẹn. Orúkọ prosẹ́sọ̀ máa ń wà nínú Settings, lábẹ́ About. Tí wọ́n bá kọ i5-6300U síbẹ̀, 6 tó tẹ̀lé àmì yẹn ló ń sọ pé ìran kẹfà ni, kò wọlé nìyẹn. Tó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ó wọlé. HP EliteBook 840 G3 tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé káàkiri, ìran kẹfà ni. G5 ló sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ, àmọ́ wọ́n ṣe àwọn kan níbẹ̀ tó jẹ́ ìran keje, orúkọ tó wà lára ẹ̀ lásán ò tó láti gbára lé.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn kan ń dá. Wọ́n á gbé Windows 11 sórí laptop tí kò yẹ kó gbà á, torí ètò kan tó ń jẹ́ Rufus lè fo àyẹ̀wò TPM àti ti prosẹ́sọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á á tan án, á rí Windows 11 tó ń dán gbinrin lójú ẹ̀, á sanwó, á máa yọ̀ lọ sílé. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àwọn mìíràn sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2021 láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n Microsoft ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Torí náà, owó tuntun lèèyàn san, ewu tó sá kúrò lórí Windows 10 lè tún bá a lórí 11. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é fún ara ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún láìsọ fún un, jìbìtì ni wọ́n lù ú.

Àwọn tí ò fọkàn tán Microsoft náà kì í sọ̀rọ̀ láìnídìí. Láyé Windows 95, lóṣù kẹjọ, ọdún 1995, àwọn èèyàn fúnra wọn ló tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lóru kí wọ́n lè tètè rí i rà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó di ọdún 2016, ojú àwọn kan rí màbo. Microsoft ń fi Windows 10 lọ àwọn tó ń lo 7 àti 8.1 lọ́fẹ̀ẹ́, ìkéde ọ̀hún sì ń yọjú lemọ́lemọ́. Nígbà tó yá, téèyàn bá tẹ àmì X tó wà lókè láti pa á rẹ́, kàkà kó yé wọn pé onítọ̀hún ò fẹ́, ńṣe ni wọ́n kà á sí pé ó ti gbà. Àwọn kan sùn, wọ́n jí, wọ́n bá ohun tí wọn ò pè nílé. Obìnrin oníṣòwò kan ní California sọ pé kọ̀ǹpútà òun bà jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ òun sì dúró, ló bá wọ́ wọn lọ sí kóòtù. Ó gba 10,000 dọ́là lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà kan nínú Microsoft padà gbà kọ́dún náà tó parí pé àwọn ti àṣejù bọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn. Ní March 14, ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò dá a lóhùn. Nígbà tó di May 12, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé, ó ti gbogbo fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là kóun tó ṣí i. Ó ju 150 orílẹ̀-èdè lọ tó dé. Ní England, ó wọ ọsibítù ìjọba, wọ́n dá ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn padà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n fagi lé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rí dókítà lé ní 19,000. Ohun tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, bẹ́ẹ̀ Windows 7 ṣì ń gba àtúnṣe lásìkò yẹn. Oògùn wà nílẹ̀, wọn ò lò ó.

Ká wá padà sọ́dọ̀ ìyá oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ṣé kó ta wúrà ọrùn ẹ̀ ni? Rárá o. Ohun tí ọmọ tó ń tún un ṣe ò sọ fún un ni pé Microsoft fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ tí ò pariwo. Ẹni tó ń lo Windows 10 lórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe àfikún tí wọ́n ń pè ní ESU, èyí tó máa gbé e dé ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026. Owó ẹ̀ jẹ́ 30 dọ́là, àmọ́ ẹni tó bá ní àkáǹtì Microsoft, tó sì gbà kí kọ̀ǹpútà máa fi ẹ̀dà ètò inú ẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn, kò ní san kọ́bọ̀. Inú Settings, níbi tí wọ́n kọ Windows Update sí, ni wọ́n ti ń ṣe é, tó bá ti jẹ́ Windows 10 tí wọ́n kọ 22H2 sí lára. Orúkọ kan ṣoṣo sì lè gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni tiwọn wọ́n, 61 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, á sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún títí dé ọdún kẹta.

Ẹ̀rọ míì sì wà tó jẹ́ pé ó lè gba 11, a kàn pa TPM inú ẹ̀ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á wọ inú BIOS, á tan án láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kó kọ́kọ́ lo ètò ọ̀fẹ́ Microsoft tó ń jẹ́ PC Health Check, òun ló máa sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ yege ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni 11 fún un tí Windows 10 ẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, fáìlì ẹ̀ ò sì yẹ kó sọnù. Ẹni tó ń gba owó olówó, tó ń wọ báńkì lórí ẹ̀, tó sì tún ń gba fíláàṣì gbogbo ayé, kò sídìí tó fi yẹ kó máa fi dọ́la. Ibi tó ti yẹ kéèyàn fara balẹ̀ ni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá rọ̀ mọ́ príńtà àtijọ́ kan tàbí ètò ìṣirò owó kan tí ẹni tó ṣe é ò tíì sọ bóyá ó bá 11 mu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó bèèrè ná. Tó bá sì ti wọlé tán tí nǹkan dàrú, ọjọ́ mẹ́wàá ni Windows fún un láti padà sí 10, ó wà nínú Settings, lábẹ́ Recovery. Tí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti kọjá, ọ̀nà yẹn dí nìyẹn. Kò dáa kéèyàn ṣe é ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí oníbàárà ti tò síta.

Dátà tó máa jẹ ò kéré, ó ń lọ bíi gígábáìtì mélòó kan, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀. Àìsí iná láàárín rẹ̀ ni ọ̀tá tó burú jù. Kí bátìrì kún, kí jẹnẹrétọ̀ ní epo, kí wọ́n sì ti da gbogbo fáìlì kọ sórí hard disk míì, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyẹn nìkan ni ìyá yẹn lè ṣe lónìí láìdúró de owó kankan.