Ẹ wo abẹ́ mọ́tò kí ẹ tó sanwó: píkọ́ọ̀pù fóò-wíìlì fún iṣẹ́ oko àti ẹrù fífà

Láti ìgbà tí òjò ti dé ni àwọn èèyàn wa tó ń dáko ní Bomo níbí ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: píkọ́ọ̀pù wo ni ká rà tí kò ní rì sínú ẹrẹ̀, tó sì máa lè fa ẹ̀rọ tí ń yín àgbàdo tàbí táǹkì omi lẹ́yìn? Ìbéèrè gidi ni, torí owó tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹlòmíì ń kó owó àjọ ọdún mẹ́ta lé mọ́tò kan ṣoṣo, àwọn mìíì sì ń dá owó jọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún láti rà á. Tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nígbà ìkórè, ẹrù á máa jẹrà lóko ni, gbèsè á sì máa lé sí i.

Fún ẹni tí kò mọ Bomo, ìtòsí yunifásítì ABU ní Sàmárù ni, ní Zaria. Ilẹ̀ fàdámà wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi pọ́ǹpù fa omi sí tòmátì, tàtàsé àti àlùbọ́sà. Ọ̀nà oko máa ń gbẹ nígbà yẹn, kódà 504 píkọ́ọ̀pù, ọmọ ìyá 504 tí ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, á wọlé á sì jáde. Àmọ́ tó bá ti di Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ amọ̀ yẹn á di táyà mú bí ẹni tó ń sin gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tí àwọn tó ń ta mọ́tò kò ní sọ fún yín. Tó bá jẹ́ pé Sàbọn Gàrí sí Sàmárù nìkan lẹ ń ná, ẹ ò nílò fóò-wíìlì. (Nílé, àwọn Hausa là ń bá ní Sàbó, níbí, àwa gan-an là ń gbé Sàbọn Gàrí. Ayé yí.) Mọ́tò fóò-wíìlì wúwo ju èyí tí kì í ṣe fóò-wíìlì lọ, ó ń mu epo jù ú lọ, ohun tó lè bàjẹ́ lára ẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹni tí oko ẹ̀ wà lẹ́yìn odò, tàbí tó ń fa ẹrù gba ọ̀nà tí kò lọ́dà, òun ló tọ́ sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lójú títì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ló ń ti mọ́tò lọ. Tí ẹ bá fi í sí 4H, táyà iwájú náà á máa fà. Tí ẹ bá fi í sí 4L, mọ́tò á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àmọ́ agbára tó ń dé ìdí táyà á pọ̀ sí i; nínú Hilux, ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀. 4L yìí ni ẹ fẹ́ fi yọ tírélà kékeré nínú ẹrẹ̀, ohun tí ẹ sì gbọ́dọ̀ dán wò kí ẹ tó rà á nìyẹn. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ tàbí iyanrìn, kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ. Tí ẹ bá ń fi 4H yí kọ́nà lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, jíà á sì máa fún ara ẹ̀ pa. Àwọn awakọ̀ wa kan ń fi í sáré lọ Kàdúná torí pé wọ́n rò pé ó ń di ilẹ̀ mú. Jíà ni wọ́n ń jẹ run yẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn wá jù ni pé kì í ṣe gbogbo píkọ́ọ̀pù tó ga ló jẹ́ fóò-wíìlì. Hilux tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì wà. Tacoma tí wọ́n ń pè ní PreRunner náà wà: ó ga bíi fóò-wíìlì, táyà ẹ̀ sì ki, àmọ́ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì. Ẹ má wo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, stíkà ò wọ́n. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí irin gígùn róbótó kan tó lọ sẹ́yìn, àti òmíì tó lọ síwájú. Tí èyí tó lọ síwájú ò bá sí, ẹ dìde, kí ẹ gbọn aṣọ yín.

Tí ẹ bá bi wá, Hilux là ń mú fún ìhà ibí yìí. Kì í ṣe pé òun ló dára jù láyé, àmọ́ ìjọba, ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ ń lò ó káàkiri, torí náà mẹkáníìkì mọ inú ẹ̀, àwọn ẹ̀yà ẹ̀ sì wà ní Zaria. Tacoma ẹlẹ́ńjìnnì 4.0 lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan lè bàjẹ́ kí ẹ máa retí ẹni tó ń bọ̀ láti Ládípọ̀ l'Ékòó.

Tacoma tòkunbọ̀ tún ní ọ̀ràn tiẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn á sì jẹ ṣásì. Ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ kan níbẹ̀ pẹ̀lú owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, lórí ṣásì tó ń dógùn-ún lára Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, àti Sequoia 2005 sí 2008. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ṣásì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní dúdú, ẹ mú òòlù kékeré kí ẹ máa fi kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè sípíríǹgì. Irin tó yè á dún gbandi. Èyí tó ti jẹrà á dún bíi páànù, tàbí kí òòlù wọlé. Fún mọ́tò Amẹ́ríkà, ẹ ka nọ́ńbà ṣásì tó jẹ́ 17: èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ẹ̀. 7 ni 2007, A ni 2010.

Ní ti ẹrù fífà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Omi líta kan jẹ́ kílò kan, torí náà táǹkì 1,000 líta tó kún jẹ́ tónù kan, a ò tíì ka irin tírélà mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ Hilux, 750 kílò ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kó fà tí tírélà ò bá ní bíréèkì tiẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú tírélà tí wẹ́dà ń jó fún wa níbí ò sì ní bíréèkì. Mọ́tò á fà á o, agbára wà. Dídúró ló ṣòro, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ní kí wẹ́dà fi áàsù tó ní bíréèkì sí i, tàbí kí ẹ pọn omi dé ìdajì. Ẹ di ẹrù síwájú díẹ̀, kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ lè wà lórí ibi tí ẹ so ó mọ́. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ̀yìn mọ́tò fúnra ẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Àpò àgbàdo 100 kílò mẹ́wàá ti di tónù kan, ibẹ̀ náà sì ni agbára Hilux mọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì gbé èèyàn márùn-ún sínú ẹ̀.

Bẹntiróòlù àbí dísẹ̀lì? Dísẹ̀lì ló dára jù fún ẹrù fífà, torí agbára ẹ̀ ń tètè jáde láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ké. Àmọ́ nọ́súlù dísẹ̀lì ayé òde òní ò fẹ́ epo onídọ̀tí rárá, owó àtúnṣe ẹ̀ sì ń mú èèyàn sunkún. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7 rọrùn fún mẹkáníìkì ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n láti 29 Oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ mọ bó ṣe ń gbé owó mì. Ẹni tó ń fa ẹrù lójoojúmọ́ kó ra dísẹ̀lì, kó sì máa pààrọ̀ fítà lásìkò. Ẹni tó jẹ́ ìgbà ìkórè nìkan kó ra 2.7.

Ó ku ìwé. Láti Oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ojú omi nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Àwa tí a wà ní Àríwá níbí la sì máa ń rí èyí tó gba inú igbó wọlé, owó ẹ̀ á rọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ṣásì tó wà nínú ìwé bá ti ara mọ́tò mu. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà Jẹ́bbà nígbà tí ẹ bá ń gbé àgbàdo lọ sílé. Tó bá sì jẹ́ owó ẹgbẹ́ lẹ fi rà á, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó sínú ìwé àdéhùn, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ á máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n tó ka owó fún ẹni tó ń tà á.