Ajá Ńlá Tó Wà Láàárín Àwọn Ọmọ Ọba



Bí ẹ bá wo àwòrán àwọn ọba àti ọlọ́lá ilẹ̀ Òyìnbó láyé àtijọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí ajá lẹ́sẹ̀ wọn tàbí lórí itan wọn. Kí ni ajá ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1637, Anthony van Dyck, ayàwòrán ará Antwerp, ya àwòrán ọmọ márùn-ún tí Charles Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí. Charles, àrẹ̀mọ, ọmọ ọdún 7, ni ó dúró láàárín. Ó gbé ọwọ́ lé orí ajá ńlá kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Mary àti James wà ní apá kan. Ní apá kejì, Elizabeth kékeré di Anne, ìkókó, mú, ajá kékeré kan sì wà nítòsí wọn. Lójú àwọn ará ibẹ̀, ajá jẹ́ àmì òtítọ́ sí olówó ẹni. Ti ajá ńlá yìí tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí ó lè fi ọwọ́ lásán tu irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lójú, yóò lè ṣàkóso ìlú lọ́la.

Ṣùgbọ́n ajá inú àwòrán kì í ṣọ́ ilé. Ikú mú Anne ní 1640, kò tíì pé ọmọ ọdún 4. Ní 1642, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọba àti ilé ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù January, 1649, wọ́n bẹ́ ọba lórí. Ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n mú Elizabeth, ọmọ ọdún 13, wá dágbére fún bàbá rẹ̀. Ọba ní òun ti dárí ji àwọn ọ̀tá òun, kí àwọn ọmọ òun náà dárí jì wọ́n. Ọmọbìnrin yìí mọ̀wé. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 1650 òun náà kú, ọmọ ọdún 14, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ wà títí di òní.

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí ajá dé orí ẹní ìkírun wa, bí ó bá sì lá abọ́, ìgbà 7 ni a ń fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ẹ̀sìn wa kò ní kí a fìyà jẹ ajá. Al-Kùránì dárúkọ ajá àwọn ọ̀dọ́ inú ihò, Ànábì wa sì sọ nípa obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tí Ọlọ́run foríjì nítorí pé ó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá pe onífótò lọ́jọ́ Iléyà, tí ẹ to àwọn ọmọ jọ nínú aṣọ tuntun, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: bí ọlọ́jọ́ bá dé lọ́la, ọ̀rọ̀ wo ni ọmọbìnrin yín yóò rí kọ sílẹ̀ láti ẹnu yín? Ṣé ẹ sì ti rán an ní ilé-kéú àti ilé-ìwé tí yóò fi lè kọ ọ́?

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ wọn. Àmín.