Ṣé ẹ̀wù irin Òyìnbó yẹ Balógun ogun Jálumi nínú géèmù?

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkìrun, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ogun Jálumi ló fẹ́ fi ṣe géèmù rẹ̀. Àmọ́ Balógun tó yà, irin ló wọ̀ látorí dé ẹsẹ̀, bíi ti àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ pé ìjòyè tí kò bá wọ irin kò ní jọ èèyàn ńlá lójú ẹni tó ń gbá géèmù. Ó wá bi wá pé, ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀wù irin yìí jẹ́. Láàárín ọdún 1400 sí 1500, àwọn alágbẹ̀dẹ Milan ní Ítálì àti àwọn ti Jámánì lókìkí gan-an nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan máa ń wọn nǹkan bíi kílò 15 sí 25. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì lè sáré, torí pé ìwúwo náà pín káàkiri ara. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á, ìdí nìyẹn tó fi di àmì ọlá. Nígbà tí ìbọn gbilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀.

Ní tiwa ńkọ́? November 1, 1878 ni ogun Jálumi wáyé ní agbègbè Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó ọmọ ogun Ìbàdàn wá pàdé Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá. Ìbọn ni wọ́n ń yìn síra wọn. Orúkọ ogun náà gan-an ti dáhùn ìbéèrè yìí: àwọn tí wọ́n ń lé já lu omi Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹ̀yin ará Ìnísà, ẹ mọ odò yẹn. Ta ló máa gbé ogún kílò irin sọ́rùn wọ̀ ọ́?

Kì í ṣe pé a ò ní irin. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ idà, ọ̀kọ̀ àti ọfà. Ní Borno lókè ọ̀hún, àwọn ẹlẹ́ṣin wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin hun, ẹṣin wọn sì wọ aṣọ tí wọ́n kó òwú sí nínú. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀wù ogun tí wọ́n rán oògùn mọ́ ni jagunjagun ń wọ̀. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní fìlà ìyẹ́ ìdí odídẹrẹ́ àti bàńtẹ́ awọ ẹkùn tirẹ̀. Ẹṣin, agboòrùn, onílù àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ ẹ̀yìn ló ń fi hàn pé ìjòyè ń bọ̀.

Ibi tó ti máa dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe géèmù rèé. Àwọn baba wa gbà pé ayẹta ò ní jẹ́ kí ọta wọlé, òkígbẹ́ ò ní jẹ́ kí idà ran ara, àféèrí á jẹ́ kéèyàn pòórá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀; bí a bá ti jẹ ẹ́, agbára rẹ̀ tán. Ìwúwo ni ẹni tó wọ irin fi ń san owó ààbò rẹ̀; èèwọ̀ ni tiwa. Òfin géèmù gidi nìyẹn!

Tó bá jẹ́ àlọ́ lásán ló ń ṣe, kó wọ irin fún ẹni tó bá wù ú. Àmọ́ tó bá ti lè pè é ní Jálumi, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àwọn ará Òkukù sá kúrò nílé lọ sí Ìkìrun nítorí ogun yẹn, ọdún 1893 ni wọ́n tó padà. Àwọn ọmọ wọn wà láàyè títí dòní. Àfàìmọ̀ kí ọmọdé tó máa gbá géèmù yìí má ti rí Balógun lórí fóònù kó tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àgbà. Ẹni tó bá rí níbẹ̀ ló máa wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kó bọ́ irin yẹn kúrò lọ́rùn Balógun, kó sì lọ jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ pẹ̀lú ìwé àti bírò kó tó tún àwòrán náà yà.